Bí Láníhùn Ọmọ Ọdẹ́tọ́yìnbó Ṣe Fi Ìjókòó Ṣẹ́gun Ìbọn Alápá

Ẹ sinmi ariwo, ẹ̀yin tí ẹ rò pé akọni ti tán láyé láti ìgbà tí ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ kì fún yín kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹnu pa ẹkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbè ẹmu. Láníhùn ni, Àjàgbé ọmọ Ọdẹ́tọ́yìnbó, ará Òkè-Àgbọ̀nrín, ìlú tí wọ́n fi àgbọ̀nrín sọ lórúkọ nígbà tí àgbọ̀nrín ṣì ń gbà láti gbé ibẹ̀. Ó ga bí òpó tí wọ́n gbàgbé láti kọ́ ilé lé. Apá rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, sùúrù rẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n wò, títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àtọmọdọ́mọ Ọdẹ́tọ́yìnbó àgbà ni, ẹni tó lé ọ̀kẹ́rẹ́ kan láti àárọ̀ kùtùkùtù títí oòrùn fi rọ̀, tó lé e lórí ilẹ̀ nígbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń sá lórí igi, títí ayé fi sú ọ̀kẹ́rẹ́, tó sì fúnra rẹ̀ já bọ́ sínú àpò ọdẹ. Baba tó bí baba Láníhùn ni Ọdẹ́kúnlé, tó ré bọ́ láti orí igi, tí ìdí rẹ̀ sì bà lé etu tó ń sùn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, tí etu kú, tí òun yè, tí gbogbo ìlú sì ń kí i ní Afìdípetu títí wọ́n fi sin ín. Baba rẹ̀ gan-an ni Ọdẹ́yẹmí, tó yìnbọn lu ọ̀gán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ní erin ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín, ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ wò ó, bóyá ọ̀gán náà tún dìde láti ọjọ́ yẹn. Wọ́n lọ wò ó. Kò dìde. Ohun tí ẹkùn bá bí, ẹkùn náà ni yóò jọ.

Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọba tóbi tó, bí bàtà bá ń ta á lẹ́sẹ̀, yóò tiro. Ohun tó ń ta Láníhùn lẹ́sẹ̀ ni ìbọn. Ṣakabùlà tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti gbó kọjá ibi tí alágbẹ̀dẹ lè dá sí. Ní ọjọ́ tí wọ́n sin olórí ọdẹ Òkè-Àgbọ̀nrín, tí gbogbo ọdẹ tò lẹ́sẹẹsẹ láti yìnbọn ẹ̀yẹ, tí ilẹ̀ ń mì tìtì, ó kan Láníhùn, ó fa ìbọn, ìbọn sì sọ pé “fììì” bí ìkòkò àgbo tó ń hó. Èéfín díẹ̀ jáde. Opó olóògbé tó ń sunkún dákẹ́, ó wo Láníhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sin ọdẹ ní ìlú yẹn, opó kì í rẹ́rìn-ín.

Èyí tún kéré. Ìyàwó rẹ̀, Fèyíṣarà, gbin ẹ̀gẹ́ sí etídò, oko tó tẹ́ rẹrẹ, tí gààrí inú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ilé wọn àti owó ilé ìwé Tóyọ̀sí ọmọ wọn. Àwọn ọ̀yà sì ti rí oko náà. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ bí ọmọ ogun ṣe ń wọ ìlú tí kò ní odi, wọ́n ń gé ẹ̀gẹ́ nídìí, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yàgbẹ́, wọ́n sì ń bímọ. Láníhùn ti lúgọ dè wọ́n títí ara rẹ̀ fi kún fún ẹ̀fọn. Bó bá fa ìbọn, ìbọn a ní “fììì”, ọ̀yà a gbé orí sókè, a wò ó, a sì tún máa jẹun lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Fèyíṣarà ti oko dé, ó gbé pòpórò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti gé jẹ sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, kò pariwo rárá.

“Bàbá Tóyọ̀sí,” ó ní, “ìbọn yín ń wúkọ́, ọ̀yà sì ń sanra. Bó bá di òjò tó ń bọ̀, a ò ní rí nǹkan hú. Owó tí mo tọ́jú fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ nìyí. Ẹ lọ fi ra ìbọn tó ń yìn.”

Ó tú etí ìró, ó gbé owó kalẹ̀. Láníhùn wo owó náà, ó sì wo ìyàwó rẹ̀. Ó mọ bó ti pẹ́ tó tó fi ń tọ́jú rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìgbà yẹn ló fi ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́, tí ojú ọgbẹ́ kì í sì í kúrò ní ìka rẹ̀. Ó mú tirẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ di ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún náírà. Nínú ọkàn rẹ̀, ó búra pé òun kò ní padà wálé lọ́wọ́ òfìfo.

Wàyí o, owó yẹn pọ̀ lójú ẹni tó ń ta gààrí, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń ta ìbọn, owó àti fi wo ìbọn lójú ni. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tuntun gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rà á ní láti ta oko tó fẹ́ fi í ṣọ́. Láníhùn béèrè níhìn-ín, ó béèrè lọ́hùn-ún, títí ìròyìn fi kàn án ní ìpàdé ọdẹ pé bàbá arúgbó kan wà ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò, Bàbá Ọláòṣebìkan, gáàdì igbó tẹ́lẹ̀ rí, tó fẹ́ ta ìbọn àlòkù kan. Kì í sì í ṣe ìbọn lásán. Ìbọn alápá ni àwọn ọdẹ ń pè é, nítorí irin kan tó tẹ̀ kọdọrọ bí etí ife wà lábẹ́ rẹ̀, nídìí ibi tí ìka ti ń fà á. Bí ọdẹ bá yìn ín tán, yóò ti irin náà sísàlẹ̀, yóò gbé e padà sókè, ọta mìíràn a sì ti wọlé kí ẹran tó rántí ọ̀nà ilé.

“Ṣùgbọ́n má lọ,” ni àwọn ọdẹ wí fún un.

Láníhùn béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní bàbá náà kì í dá iye lé ìbọn náà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀, àti pé kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ìtàn náà dópin. Tíṣà kan lọ, ó jókòó títí agogo ilé ìwé fi lù, ó dìde. Ẹlẹ́mu kan lọ, nígbà tí ìtàn dé àárín, ó rántí pé òun kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ tí òun gùn láàárọ̀, ó sì sáré jáde. Ọdẹ ńlá kan láti ìlú kejì, tó ti fi ọwọ́ lásán mú òjòlá rí, padà wálé pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní òjòlá sàn.

Láníhùn Àjàgbé gbọ́. Ó so owó mọ́ra, ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ tó dára jù, ó fi orógbó kan sí àpò, ó sì gba ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Ìrókò bí àfẹ̀mọ́júmọ́ ti ń là. Ọ̀nà tó kún fún kòtò kò dí i lọ́wọ́. Odò tó kún dé orúnkún ẹlòmíràn dé ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀. Tòlótòló tó ń ṣọ́ ojúde bàbá náà ló kọ́kọ́ pè é níjà. Ó fẹ ìyẹ́ bí agboòrùn ọba, ó sì dojú kọ ọ́, àwọn méjèèjì sì yí ara wọn ká títí tòlótòló fi rí i pé orúnkún ọkùnrin yìí ga ju ibi tí ẹnu òun lè dé lọ, tó sì fi ìtìjú yà sápá kan. Báyìí ni odi àkọ́kọ́ ṣe wó.

Bàbá Ọláòṣebìkan jókòó lórí àga onígi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé fìlà kakí àwọn gáàdì tó ti di àwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí omi ìrẹsì. Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, orí rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ojúde níbi tí tòlótòló ti ń wò ó.

“Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Láníhùn ni mí, ọmọ Ọdẹ́yẹmí ti Òkè-Àgbọ̀nrín. Mo gbọ́ pé ẹ ní ìbọn tí ẹ fẹ́ tà.”

“Dìde, ọmọ mi. Ọdẹ́yẹmí tó yìnbọn lu ọ̀gán?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Ó dára. Ọ̀gán kì í sá. Jókòó síbẹ̀ yẹn.” Bàbá na ọwọ́ sí bẹ́ńṣì kan lára ògiri. “Ojú mi kò ríran mọ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ń bọ̀ wá kó mi, ó sì ti ní ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé òun. Mo fẹ́ tà á, ṣùgbọ́n n kò lè ta ohun tí ẹni tó ń rà á kò mọ̀.”

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àga, ó sì gbé ìbọn náà jáde láti inú aṣọ òfì kan. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti rí adé, mo ti rí ọ̀pá àṣẹ. Igi ìdí ìbọn náà pupa bí obì tó gbó, ibì kan tó là lára rẹ̀, wọ́n ti fi wáyà bàbà wé e yíká bí obìnrin ṣe ń fi òwú wé irun. Irin rẹ̀ dúdú, epo tí bàbá fi ń nù ún ń dán lára rẹ̀. Láníhùn gbà á, ó di irin abẹ́ rẹ̀ mú, ó tì í sísàlẹ̀, ó gbé e padà. Ó ní “kàrá-kàtà.” Ìró náà wọ inú ikùn Láníhùn, ó sì dúró síbẹ̀ bí ìfẹ́ ọmọge. Láti ìgbà yẹn, kò sí agbára kan lábẹ́ ọ̀run tó lè gbé e kúrò lórí bẹ́ńṣì yẹn.

Bẹ́ńṣì náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ńṣì burúkú ni, bẹ́ńṣì tó ní ìṣó kan tó yọrí láàárín, tó ti lé àgbà ọdẹ wọ oko, tó mọ ibi tí ara ènìyàn ti rọ̀. Láníhùn jókòó lórí rẹ̀ bí jagunjagun ṣe ń gun ẹṣin tí kò tíì gba ìjánu. Bàbá Ọláòṣebìkan gba ìbọn padà, ó gbé e lé itan, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ gáàdì, kò sì sáré. Ó sọ nípa bàtà tí wọ́n fún un, tó tóbi jù, àti ẹni tó gba bàtà tó kéré jù, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀ tí wọn kò ṣe é. Ó ka orúkọ gbogbo igi tó wà láti ojú ọ̀nà títí dé odò Ọ̀sàn, èyí tí wọ́n gé àti èyí tí wọn kò gé. Ó sọ nípa òyìnbó kan tó wá ń wọn igi, tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n, àti bí òyìnbó náà ṣe ń jẹ iṣu láìbó èèpo rẹ̀. Ó sọ nípa ajá tirẹ̀, Tanímọ̀la, ajá pupa tó ní etí kan. Ó ṣàlàyé bí etí kejì ṣe lọ, ìyẹn sì jẹ́ ìtàn mìíràn, ìtàn náà sì bímọ.

Oòrùn gòkè. Ìṣó bẹ́ńṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Láníhùn gbé ara sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Ìtọ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní kò sí ẹnìkankan nílé. Èèrà kan gun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé itan, ó rí ibi tó fẹ́, ó sì bù ú jẹ. Ọmọ Afìdípetu kò mira. “Ẹn-ẹn, Bàbá,” ló ń wí, “ẹ̀yìn náà ńkọ́?”

Ibi tí ogun ti le dé ni jíìpù dúdú kan ti já dé ojúde, tí tòlótòló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó jáde nínú rẹ̀ ni Olóyè Jẹ́jẹ́lọlá, kọngílá tó ń kọ́ afárá, ọkùnrin tí jẹ́jẹ́ kò sí lára rẹ̀ àfi nínú orúkọ. Ó fẹ́ ra ìbọn náà láti gbé kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ó kí bàbá tán, ó fìdí lé etí bẹ́ńṣì, ó sì fi yé wọn pé ohunkóhun tí ẹni yìí bá fẹ́ san, òun yóò san ìlọ́po méjì. Láníhùn fi ọwọ́ kan owó tó so mọ́ra, owó náà sì dà bí ẹni pé ó súnkì. Ó rántí ìka ìyàwó rẹ̀.

“Ó dára,” ni bàbá wí. “Gbogbo wa jọ jókòó nìyẹn. Ibi tí ẹfọ̀n ti lé òyìnbó gun igi ni mo dé.”

Ó ń bá ìtàn lọ. Fóònù Olóyè dún, Olóyè gbé e. Ó tún dún, ó tún gbé e. Ó ń bá ẹnì kan jà lórí sìmẹ́ńtì, nígbà tí ẹfọ̀n ń fi ìwo gbọn igi. Bàbá dákẹ́, ó dúró dè é, lẹ́yìn náà ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé:

“Olóyè, kí ni mo pe orúkọ ajá náà?”

Olóyè wo òrùlé. “Bàbá, ṣé kì í ṣe Bíńgò ni?”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Tanímọ̀la, Bàbá,” ni Láníhùn dáhùn. “Ajá pupa, etí kan. Ọ̀bọ ló gé èkejì jẹ nígbà tó wà ní kékeré.”

Bàbá mi orí. Olóyè ní kò burú, ajá ni ajá ń jẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dé ibi owó. Bàbá ní owó wà níwájú, orí igi ni òyìnbó ṣì wà. Olóyè wo aago rẹ̀, ìṣó bẹ́ńṣì sì yan àkókò yẹn láti kí i káàbọ̀. Ó fò dìde, ó ní òun yóò rán ẹnì kan wá lọ́la láti wá gbọ́ èyí tó kù. Jíìpù kù gììrì, ó lọ. Bí ẹni tó lówó ṣe kúrò lójú ogun nìyẹn, tó fi ẹni tó ní ìdí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó burú ju Olóyè lọ ṣì wà níwájú. Aládùúgbò kan gbé iyán wá fún bàbá, bàbá sì ní kí àlejò bá òun jẹ ẹ́. Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹja tó gbé ojú sókè. Láníhùn, tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀, jẹ ẹ́ bí ọ̀yà ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́ ìyàwó rẹ̀. Kété tó fọwọ́ tán ni Oorun dé. Oorun, ọba tí kì í kan ilẹ̀kùn, atẹni-mọ́lẹ̀-láìfọwọ́kàn, tó ti mú olè nínú àká àti wòlíì lórí pẹpẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ìpéǹpéjú Láníhùn méjèèjì. Láníhùn ju orógbó sẹ́nu, ó rún un wómúwómú, ó korò dé ìpìlẹ̀ eyín. Oorun ní òun náà fẹ́ràn orógbó. Láníhùn gé ara rẹ̀ jẹ ní inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó lé ìṣó. Ìṣó gún un, ó sì sùn lórí rẹ̀, bí ìgbín ṣe ń sùn sínú ìkarahun rẹ̀, pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀ gbàràdà.

Ohun tó jí i ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kọ ojú sí i, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìbọn.

“Ó tán,” ni bàbá wí. “Bí òyìnbó ṣe fún mi ní ìbọn rẹ̀ nìyẹn, òun pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ọjọ́ tó ń padà sílé. O gbọ́ ọ?”

Láníhùn rí ìbọn náà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, “mo gbọ́,” ni yóò fi gbà á. Arúgbó náà kò ríran, ta ni yóò mọ̀? Ahọ́n rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ètè. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu gan-an, kì í sì í ṣe nítorí ìbọn. Ohun tó gbọ́ kẹ́yìn kí oorun tó gbé e ni pé Tanímọ̀la ń gbó mọ́ ẹfọ̀n náà, ó ń tàn án kúrò nídìí igi lọ sí odò, odò sì kún.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ó ní. “Oorun gbé mi lọ. N kò ní í purọ́ fún yín. Ajá náà dé etí odò, ẹfọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó jáde?”

Tòlótòló kọjá lójúde, ó wò wọ́n, ó kọjá padà.

“Ìbọn ni gbogbo wọn máa ń béèrè,” ni bàbá wí nígbà tó yá. “Wọ́n á ní, lẹ́yìn náà ni òyìnbó fún yín ní ìbọn, àbí? Wọ́n á ní, èló? Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti béèrè ajá yẹn lọ́wọ́ mi.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Kódà ní báyìí tí mo sọ ọ́ tán, mo fo ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fo ibẹ̀.”

“Ẹ má fò ó fún mi, Bàbá.”

Nígbà náà ni arúgbó náà padà sí etí odò. Kò yà sí ọ̀nà mìíràn, kò ka orúkọ igi kankan. Ó ní ajá náà bẹ́ sómi, ẹfọ̀n tẹ̀ lé e, omi sì gbé àwọn méjèèjì. Ẹfọ̀n jáde lápá kejì, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun dúró létí odò, òun ń pe Tanímọ̀la títí ilẹ̀ fi ṣú, òyìnbó ń bẹ òun kí àwọn máa lọ. Òun padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ọdún tí omi náà gbẹ, òun rìn nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun kò rí nǹkan kan. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kò fi tún sin ajá mọ́, tí òun fi ń sin tòlótòló.

Láníhùn gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsùn. Ìṣó ni o, èèrà ni o, ìtọ̀ ni o, kò rántí èyíkéyìí nínú wọn.

“Èló lo mú wá?” ni bàbá béèrè.

“Ọgọ́sàn-án ẹgbẹ̀rún ni, Bàbá. Owó ìyàwó mi pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí òmíràn nílé.”

“Ìdajì ohun tí Olóyè fẹ́ san nìyẹn.”

“Ìdajì ni, Bàbá.”

“Gbé e wá. Tẹlifíṣọ̀n kò lè pa ẹran.”

Báyìí ni wọ́n ṣe gba owó, báyìí ni wọ́n ṣe gbé ìbọn lé akọni lọ́wọ́, wọ́n sì fi àdéhùn sí i pé lọ́la àwọn yóò jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lè yí orúkọ inú ìwé àṣẹ padà. Bí ìtàn bá parí síbẹ̀, ì bá ti tó fún orúkọ rere. Ṣùgbọ́n ọkọ onígààrí ni Láníhùn, ó ti pẹ́ nídìí igbá gààrí tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣàì mọ ìlànà ọjà. Ó gbé ìbọn lé èjìká tán, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ fi èènì sí i.”

Láti ọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ àkọ́kọ́ ti rọ irin títí di òní, ta ni ẹ gbọ́ pé ó béèrè èènì lórí ìbọn? Bàbá Ọláòṣebìkan la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, tí Láníhùn fi ní láti gbá a lẹ́yìn. Ó táràrà wọ yàrá, ó sì mú páálí ọta kan jáde, tí ọta inú rẹ̀ kù díẹ̀ kó kún, pẹ̀lú àpò kánfáàsì tó fi ṣe iṣẹ́ gáàdì. Ó ní èènì nìyẹn.

Fèyíṣarà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé. Ó gba ìbọn náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó wo wáyà bàbà.

“Ó ti là níbí,” ó ní.

“Wọ́n ti wé e. Ti irin abẹ́ rẹ̀ wò.”

Ó tì í. Kàrá-kàtà. Ó tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí Láníhùn gbé páálí ọta jáde, tó ní èènì ni, ìyàwó rẹ̀ fìdí lé àpótí, ó sì wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá fún un.

“Ẹ gba èènì lọ́wọ́ rẹ̀? Lórí ìbọn?”

“Mo gbà á.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní ọjọ́ tí ìwé àṣẹ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ti wà ní etídò. Àwọn ọ̀yà jáde wá jẹun àárọ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, èyí tó ṣáájú sanra bí ìgò epo. Láníhùn gbé ìbọn sójú, ó fà á. Ìbọn náà kò wúkọ́. Ó bú bí àrá, ó ti Láníhùn sẹ́yìn, gbogbo ẹyẹ etídò gbéra, ọta sì lọ pàdé igi ọ̀pẹ kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀yà gbé orí sókè. Bí ìṣe rẹ̀, ó wo Láníhùn díẹ̀, ó sì tún tẹ orí ba láti máa jẹun lọ, nítorí ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ní láti rọ ẹ̀tù, kó ki ọta, kó gbàdúrà kó tó tún yìn. Láníhùn ti irin abẹ́ ìbọn sísàlẹ̀, ó gbé e sókè. Kàrá-kàtà. Ìyẹn ni ìró tí ọ̀yà náà gbọ́ kẹ́yìn láyé.

Itan rẹ̀ kan ni Láníhùn gbé lọ sí Ìsàlẹ̀-Ìrókò kí ọmọ bàbá náà tó dé láti Ìbàdàn. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní ọ̀yà náà gbọ́n jù, ó kàn jẹ́ pé ọgbọ́n àná ló ń lò. Ọ̀kan péré ni Láníhùn pa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gẹ́ tó kù lóko jẹ́ ìdajì, ìdajì náà sì dúró.

Nítorí náà, kí òkè gbọ́, kí ilẹ̀ gbọ́, kí Olóyè gbọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Láníhùn Àjàgbé, ọmọ alé-ọ̀kẹ́rẹ́-títí-ó-fi-rẹ̀-ẹ́, ọmọ Afìdípetu, ọmọ ẹni tó dá ọ̀gán dúró tí kò fi dìde mọ́, ti ra ìbọn alápá ní owó gààrí, ó gbọ́ ìtàn rẹ̀ dópin, ó sì gba èènì. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì yẹn. Ẹ̀yin ọ̀yà tó ṣẹ́kù ní etídò Òkè-Àgbọ̀nrín, ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ lọ wá ilẹ̀ rà síbòmíràn.